Àjàyí Crowther, Ọmọ Òṣogùn

Ẹni tí a fẹ́ ka ìtàn rẹ̀ yìí ti kú láti ọdún 1891. Síbẹ̀, kò sí ọjọ́ tí a jókòó ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wa ní Bobè tí a kì í lo nǹkan kan nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Samuel Àjàyí Crowther. Àwọn kan mọ̀ ọ́n sí bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Nínú ìwé kékeré yìí, ohun tí a óò wò jù lọ ni bí ó ti kọ́ ìwé, àti bí ó ti máa ń súnmọ́ ohun tuntun láti yẹ̀ ẹ́ wò, ìbáà jẹ́ ohun tí ń dẹ́rù bani.

Ọjọ́ tí ogun dé Òṣogùn

Ìlú Òṣogùn kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ní apá ibi tí à ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lónìí ní Nàìjíríà. Níbẹ̀ ni a bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1807. Gbogbo wa mọ̀ pé Àjàyí jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá. Ọmọ tí ó bá dojúbolẹ̀ nígbà tí a bí i ni à ń sọ ní Àjàyí. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ahunṣọ. Ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Àfàlà.

Ní àkókò náà ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ń dàrú. Ogun ń lọ, ogun ń bọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, nígbà tí àwọn obìnrin ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ogun ká ìlú náà mọ́. Bàbá Àjàyí sáré wá sílé. Ó ṣe àmì fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà sí ojú ìjà. Ìgbà ìkẹyìn nìyẹn tí Àjàyí fojú kan bàbá rẹ̀. Ọwọ́ àwọn ọmọ ogun tẹ Àjàyí, ìyá rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì àti ìbátan wọn kan. Wọ́n fi okùn so wọ́n lọ́rùn mọ́ ara wọn, wọ́n sì ń fà wọ́n lọ. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò náà kò tíì tó ọmọ ọdún kan.

Ní Ìsẹ́yìn ni a ti pín wọn. A fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ẹni tí ó gba ẹṣin rí i pé ẹṣin náà kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ó dá ẹṣin padà, wọ́n sì dá Àjàyí náà padà. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí! Ó tún bá ìyá rẹ̀ pàdé ní ìlú kan tí ń jẹ́ Dàda. Wọ́n wà pọ̀ níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, kí wọ́n tó tún tà á lóru láìjẹ́ kí ó dágbére fún ìyá rẹ̀. Ọwọ́ obìnrin kan ni ó bọ́ sí. Nígbà tí ó yé e pé obìnrin náà fẹ́ tà á fún àwọn tí ń kó ẹrú lọ sí etí òkun, ìbànújẹ́ bò ó débi pé ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Àyà rẹ̀ kò gbà á. Lẹ́yìn èyí a fi tábà àti ọtí rà á. Láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó dé Èkó. Ọmọ òkè ni, kò rí omi tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ àjẹ̀ lórí ọ̀sà, ẹ̀rù bà á gidigidi.

Nínú ọkọ̀ ogun

Ní ìgbà náà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú láti ọdún 1807, àwọn ọkọ̀ ogun wọn sì ń ṣọ́ òkun kiri. Àwọn Pọtogí, tí a ń pè ní Àgùdà, kò tíì jáwọ́. Wọ́n ra Àjàyí, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ wọn pẹ̀lú àwọn ẹrú mìíràn. Gbogbo wọn jẹ́ 187. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ náà.

Àjàyí àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n gbé sínú ọkọ̀ ogun yìí. Wọn kò mọ̀ pé a ti dá wọn sílẹ̀. Lójú wọn, ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n tún bọ́ sí. Bí wọ́n ti wo ìhín wo ọ̀hún, wọ́n rí ẹran funfun kan tí a so rọ̀. Wọ́n tún rí àwọn nǹkan dúdú roboto tí a tò sí ilẹ̀ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ náà hàn sí wọn kedere: ẹran ènìyàn ni èyí tí a so rọ̀, orí àwọn tí a pa ni èyí tí a tò sílẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ojú wọn ti rí ní ọdún kan náà kò ní fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọn kò jókòó sí ìdí ẹ̀rù náà. Wọ́n rọra súnmọ́ ẹran náà, wọ́n wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì rí pátákò tí ó là sí méjì ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ni! Wọ́n tún yọ́ lọ sí ìdí àwọn nǹkan dúdú náà, wọ́n sì rí i pé irin ni. Ọta ìbọn ńlá tí ọkọ̀ ogun fi ń jà ni wọ́n. Àjàyí fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìtàn yìí sílẹ̀ ní ọdún 1837, nígbà tí ó ti di àgbà, ó sì dà bí ẹni pé kò gbàgbé ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Eépìnnì kan

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1822, wọ́n gúnlẹ̀ sí Sierra Leone, ibi tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró. Níbẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú sí. Ènìyàn láti ilẹ̀ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Igbo, Hausa, Nupe àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn. A fi Àjàyí sí abúlé kan tí ń jẹ́ Bathurst, a sì fi í sí ilé ẹ̀kọ́.

Ohun tí ó ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ fetí sí. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ tú, kò lọ ṣeré. Ó lọ bá ará ilẹ̀ wa kan, ó sì tọrọ eépìnnì kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ fi ra ìwé álífábẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kí ó lè máa wò ó nígbà tí kò bá sí olùkọ́. Ọmọ tí kò ní bàbá, tí kò ní ìyá lọ́dọ̀, tí owó wẹ́wẹ́ kan bọ́ sí i lọ́wọ́, ìwé ni ó fi rà.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó lè ka Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi í ṣe olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, wọ́n sì ń san kọ́bọ̀ méje àti eépìnnì fún un lóṣù. Ọ̀gbẹ́ni Weeks àti ìyàwó rẹ̀ ni ó ń tọ́ ọ. Ìyàwó náà ń kọ́ ọ ní ìwé, ọkọ sì ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Àjàyí kò fi ọ̀kan ṣe àbùkù fún èkejì. Ìmọ̀ ayùn àti òòlù wúlò fún un títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀.

A ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825. Ìgbà náà ni ó gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní London. Ní ọdún 1826 wọ́n mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lo oṣù díẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Islington. Nígbà tí ó padà ní 1827, a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown. Orúkọ Àjàyí ni ó wà lókè pátápátá nínú ìwé orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó di olùkọ́. Ó fẹ́ Àsánò, ọmọbìnrin kan tí òun náà ti bọ́ lọ́wọ́ òwò ẹrú, tí wọ́n jọ kọ́ ìwé. Orúkọ ìrìbọmi ìyàwó rẹ̀ ni Susan. Àwọn ọmọ wọn di olùkọ́, oníṣòwò àti àlùfáà.

Èdè tí kò sí nínú ìwé

Ní ayé ìgbà náà, bí Àjàyí bá fẹ́ kàwé, èdè àjèjì ni yóò fi kà á. Ìwé Yorùbá kò sí. Àwọn òyìnbó díẹ̀ ti kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀: Bowdich tẹ ìwọ̀nba iye, ení, èjì, ẹ̀ta, sínú ìwé rẹ̀ ní 1819. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Hannah Kilham, tí ó fẹ́ràn láti máa kọ́ ọmọ ní èdè abínibí wọn, tẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá díẹ̀ pẹ̀lú ti èdè mìíràn ní 1828. Àlùfáà Raban náà ṣe ìwé kékeré mẹ́ta. Ohun tí ó wà nínú gbogbo wọn kò tó ohun tí ìyá kan ń bá ọmọ rẹ̀ sọ láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Àjàyí bẹ̀rẹ̀ sí kó ọ̀rọ̀ jọ bí ẹni ń ṣa àgbàdo. Ó ń tẹ́tí sí àwọn àgbà nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ó ń kọ òwe wọn sílẹ̀. Bí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò yé e, yóò wádìí àṣà tí ó mú ọ̀rọ̀ náà wá. Ní ọdún 1843 a tẹ ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní London. Ní ọdún kan náà wọ́n fi í jẹ àlùfáà. Nígbà tí ó padà dé Freetown, ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ ronú ohun tí èyí jẹ́ fún àwọn tí a ti kó kúrò nílé láti ogún ọdún, tí wọ́n rí i pé èdè ìyá wọn náà lè wà nínú ìwé.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni lẹ́tà. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kò tó fún ohùn wa. Wọ́n ní e kan, àwa ní méjì. Wọ́n ní o kan, àwa ní méjì. Ọ̀rọ̀ bí ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ sì tún wà: ọkùnrin tí ó fẹ́ni, ohun tí a ń wọ̀ rìn, ohun tí a fi ń roko, àti ohun tí a fi ń jagun. Bí a bá kọ wọ́n láìsí àmì, àgbẹ̀ lè lọ sí oko pẹ̀lú ọkọ ẹlòmíràn lọ́wọ́! Àjàyí lo àmì lórí lẹ́tà láti fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ hàn. Ní nǹkan bí ọdún 1855, onímọ̀ kan láti Jámánì tí ń jẹ́ Lepsius gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ láti fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà. Irú àmì bẹ́ẹ̀ ni ó wà ní abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ nínú ìwé Yorùbá. Ní oṣù kìíní ọdún 1875, ìpàdé kan wáyé ní Èkó lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ Yorùbá. Àjàyí, tí ó ti di bíṣọ́ọ̀bù, ni alága rẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Benin wa, a ní ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú. Láti ọdún 1975 ni a ti fi álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè lélẹ̀. Nínú rẹ̀ à ń kọ ɛ dípò ẹ, ɔ dípò ọ, àti sh dípò ṣ. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀kan yóò mọ èkejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́tà Nàìjíríà ni a fi tẹ ìwé kékeré yìí, nítorí òun ni a fi tẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé Yorùbá tí ó wà ní ọjà. Ó yani lẹ́nu díẹ̀ pé sh tí à ń kọ ni Àjàyí náà kọ ní 1843, kí àmì abẹ́ tó dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní tẹlifóònù olójú gbọọrọ lè rí iṣẹ́ yìí fúnra yín. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí tẹ̀ ní 1852 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú ìwé kan tẹ̀ lé èkejì, láìsan owó ìwé. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ti wà nínú ibi ìtẹ̀wé tẹlifóònù. Wikipédíà wà ní èdè Yorùbá. Láti ọdún 2013 ni Google ti ń túmọ̀ Yorùbá sí èdè mìíràn, bí ó tilẹ̀ ń ṣì í mú nígbà mìíràn. Kọ̀ǹpútà kò lè gbọ́ èdè kan bí kò bá rí ìwé tí a kọ ní èdè náà. Nínú àwọn ìwé tí àwọn onímọ̀ fi ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Yorùbá, Bíbélì tí Àjàyí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ wà níbẹ̀.

Ìyá rẹ̀

Ní ọdún 1845 Àjàyí bá àwọn míṣọ́nnárì wá sí Àgbádárìgì. Ogun kò jẹ́ kí ọ̀nà là. Ó di oṣù kẹjọ ọdún 1846 kí wọ́n tó wọ Abẹ́òkúta. Ọjọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò tíì tó ogún nígbà tí wọ́n mú obìnrin àgbà kan wá bá a. Àfàlà ni. Ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ni. Ó ti tó nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti rí ara wọn gbẹ̀yìn. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, ẹnu kò sì lè sọ ohunkóhun. Omijé ni ó ń ṣàn. Ọdún méjì kò tíì pé lẹ́yìn náà, ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Hannah.

Ogun tún dé. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851, àwọn ọmọ ogun Ghezo, ọba Dànhòmẹ̀, kọlu Abẹ́òkúta. Àwa ará òkè níhìn-ín kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ogun Dànhòmẹ̀ fún wa. Àjàyí wà nínú ìlú ní ọjọ́ náà. Àwọn Ẹ̀gbá lé ogun náà padà.

Ní òpin ọdún yẹn, ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti bẹ̀bẹ̀ fún ìlú rẹ̀. Wọ́n mú un lọ sí ààfin Windsor. Prince Albert, ọkọ Ọbabìnrin Victoria, ń béèrè ọ̀rọ̀ òwò àti ọ̀rọ̀ Èkó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì tẹ́ àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà sí orí tábìlì. Nígbà tí Prince ṣí àwòrán ńlá náà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ pa àtùpà, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ń béèrè ọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Àjàyí tó mọ̀ pé Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ ni. Ó ní kí ó ka Àdúrà Olúwa fún òun ní èdè Yorùbá. Àjàyí kà á.

Ọkọ̀ èéfín, kuníìnì àti òwú

Àjàyí rí ọ̀pọ̀ ohun tuntun ní ayé rẹ̀. Ní 1841 ó bá ọkọ̀ mẹ́ta gòkè Odò Ọya. Irin ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ náà, ooru omi ni ó sì ń tì wọ́n lọ. Orúkọ wọn ni Albert, Wilberforce àti Soudan. Ẹ̀rọ wọn lágbára, ṣùgbọ́n ibà pa àwọn òyìnbó inú wọn lọ bí ẹ̀erùn, wọ́n sì padà pẹ̀lú ọ̀fọ̀. Àwọn kan ní London sọ pé ọ̀nà náà ti dí.

Ní 1854 Àjàyí tún gòkè odò náà nínú ọkọ̀ èéfín mìíràn, Pleiad, pẹ̀lú dókítà Baikie. Ní àkókò yìí Baikie ń fún àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ ní kuníìnì lójoojúmọ́, kí ibà tó dé. Wọ́n lo oṣù mẹ́rin lórí odò. Gbogbo wọn ni ó padà láàyè. Nígbà náà kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà. Ó di ọdún 1897 kí a tó rí àrídájú rẹ̀. Ní 1857 wọ́n tún lọ nínú ọkọ̀ Dayspring, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà. Kí ó tó fọ́, Àjàyí ti fi olùkọ́ kan sílẹ̀ ní Onitsha. Ní ọdún yẹn kan náà ni a tẹ ìwé álífábẹ́ẹ̀tì tí ó ṣe fún àwọn Igbo. Lẹ́yìn rẹ̀ ó ṣe ti àwọn Nupe. Ọmọ tí ó tọrọ eépìnnì nítorí álífábẹ́ẹ̀tì wá ń ṣe álífábẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀yà mìíràn.

Ní Abẹ́òkúta àwọn míṣọ́nnárì kò fi mọ sí ìwé nìkan. Òwò ẹrú ni wọ́n fẹ́ fi òwò mìíràn rọ́pò. Thomas Clegg, oníṣòwò kan ní Manchester, fi ẹ̀rọ tí ń yọ kóró òwú ránṣẹ́. Ní Bantè àti Savalou, a mọ òwú dáadáa. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ yọ kóró òwú rí mọ iye ọjọ́ tí apẹ̀rẹ̀ kan ń gbà. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ bí a ti ń lo ẹ̀rọ náà, tí wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Àlùfáà Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá. Ní oṣù kejìlá ọdún 1859, Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè wa. Ní ọdún kan náà, ọkọ ọmọ Àjàyí, Thomas Babington Macaulay, dá ilé ẹ̀kọ́ CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó. Herbert Macaulay, tí ó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ará Èkó, jẹ́ ọmọ ọkùnrin yìí.

Iná

Ní ọdún 1862, iná jó ilé Àjàyí. Láti ìgbà tí ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kejì ti jáde, ó ti fi nǹkan bí ọdún mọ́kànlá kó ọ̀rọ̀ àti òwe mìíràn jọ. Ìwé ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹ̀dà kejì. Ọ̀rọ̀ ọdún mọ́kànlá di eérú ní ọjọ́ kan. Díẹ̀ nínú ìtumọ̀ Bíbélì ni wọ́n rí yọ. Àgbẹ̀ tí iná ti jó àká rẹ̀ rí yóò mọ bí ó ti rí lára rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ó tún mú kálàmù.

Bíṣọ́ọ̀bù

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, ní ìlú Canterbury, a fi Àjàyí jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Gẹ̀ẹ́sì fi sí ipò náà. Ilé ìjọsìn kún àkúnya. Nínú àwọn tí ó wá ni ọ̀gágun Leeke, olórí ọkọ̀ Myrmidon tí ó gbà á lójú òkun ní 1822. Obìnrin àgbà kan náà wà níbẹ̀, ìyáàfin Weeks, ẹni tí ó kọ́ ọ ní A, B, D. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Oxford fún un ní oyè dókítà.

Láti ìgbà náà, Odò Ọya ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ Sàró bí tirẹ̀ ni ó ń bá a ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ Bíbélì kò dúró. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ṣe é. Thomas King, tí òun náà jẹ́ ọmọ Yorùbá, ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Hinderer àti àwọn mìíràn. Ní ọdún 1884 gbogbo Bíbélì parí ní èdè Yorùbá.

Ọjọ́ ogbó rẹ̀ kò dùn bí ó ti yẹ. Ayé ti yí padà. Àwọn òyìnbó tí ń bọ̀ nígbà náà kò fẹ́ kí ọmọ Áfíríkà ṣe olórí wọn. Àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì kan, tí kò tó ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ orí, dé sí Odò Ọya. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́jọ́, wọ́n ń yọ wọ́n níṣẹ́. Òótọ́ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ti ṣe àìdáa. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Onitsha ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, wọ́n gba agbára lọ́wọ́ bàbá tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó dìde, ó sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àrùn ẹ̀gbà kọlù ú. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi sí ipò rẹ̀.

Ní ọdún 1913, ilé ìtàwé CMS ní Èkó tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá kan. Ìwé náà ṣì ń jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ni Àjàyí ti kọ sílẹ̀ ní 1843 àti 1852, láti ẹnu àwọn àgbà tí ó jókòó tì.